Ẹ̀rí tí Àyọ̀kẹ́ Jẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó bá mọ Àyọ̀kẹ́ aya Bámgbóyè láti kékeré yóò sọ fún yín pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọláoyè àbúrò rẹ̀ dàgbà sí. Ìyá wọn kú kí ọmọ náà tó já lẹ́nu ọmú. Àyọ̀kẹ́ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ló ń pọ̀n ọ́n lọ sódò, tó ń pọ̀n ọ́n lọ sóko, tó ń gé iṣu fún un kó tó gé ti ara rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní abúlé kan láàárín Ìyìn àti Ìgèdè, ó mú un dání mọ́ ẹrù ìyàwó. Bámgbóyè kò ráhùn. Àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, oko obì tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lẹ́bàá odò ló sì fi ń jẹun. Òun ló fa Ọláoyè lé tíṣà lọ́wọ́ nílé ìwé ìjọ, òun náà ló ń ru iṣu lọ fún tíṣà lọ́dọọdún.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi Ọláoyè ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní ọdún 1933, inú Àyọ̀kẹ́ dùn ju ti ẹni tó joyè lọ. Ẹ má bi mí ohun tí ẹni tí kò tí ì hu ewú kan ń ṣe láàárín àwọn olóyè arúgbó. Ó mọ̀wé, wọn kò mọ̀wé, ohun tó bá sì sọ ni wọ́n ń mi orí sí. Kò pẹ́ tí àga àárín fi di tirẹ̀.

Ọdún kejì rẹ̀ ni Adébíyìí, tí oko rẹ̀ bá ti Bámgbóyè pààlà, ní mẹ́sàn-án nínú àwọn igi obì náà wà lórí ilẹ̀ òun. Ẹjọ́ dé kóòtù. Ẹlòmíràn ì bá yẹra nítorí pé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n Ọláoyè jókòó pa, ó ní òun kì í ṣe ojúsàájú. Kóòtù pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi mẹ́sàn-án náà títí wọn yóò fi lọ wo ààlà.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó yà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti jẹ iyán, bó ti máa ń ṣe. Obì ti gbó lórí igi, ẹ̀rù sì ń ba Bámgbóyè kí Adébíyìí má lọ ká a lẹ́yìn òun. Ọláoyè ń fọwọ́ nínú igbá tí Àyọ̀kẹ́ gbé dúró nígbà tó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, tó sì dá a lóhùn.

"Baba Monínúọlá, so ààlè mọ́ ọn. Ta ni ó tó kọjá ààlè?"

Ògbólógbòó ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín àti àkísà ni Bámgbóyè fi okùn so mọ́ igi náà lọ́jọ́ kejì. Lọ́dọ̀ tiwa, ààlè ń dá ọwọ́ gbogbo ènìyàn dúró, títí kan ọwọ́ ẹni tó so ó, nítorí kò gbọdọ̀ ká èso kan níbẹ̀ láì kọ́kọ́ tú u níṣojú àwọn àgbà. Lójú Bámgbóyè, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ràn sí kóòtù lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adébíyìí rí ààlè náà, ó sáré lọ bá akọ̀wé kóòtù. Akọ̀wé yìí, ará etíkun tí kò mọ ohun tí à ń fi ààlè ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé pé Bámgbóyè ti ṣe àfojúdi sí kóòtù, ó ti sọ ohun tí kóòtù gbẹ́sẹ̀ lé di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, torí pé oṣooṣù ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà ní Adó máa ń ka ìwé náà. Bó bá kà á níbẹ̀ pé adájọ́ kan ń lọ fún ẹlẹ́jọ́ nímọ̀ràn nídìí iyán, oyè adájọ́ náà tán.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bámgbóyè. Ọláoyè wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ta ló ní kí o so ààlè sí ohun tí kóòtù gbẹ́sẹ̀ lé?"

Bámgbóyè kọ́kọ́ rò pé eré ni. "Ìwọ ni. Ní ulé mi, nígbà tí a jẹ uyán tán."

"Oṣù kan látìmọ́lé, fún àfojúdi sí adájọ́."

"Ọláoyè, ṣé kì í ṣe ìwọ lo—"

"Oṣù méjì."

Ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tí wọ́n ní a ṣẹ̀, òun ló fẹ̀sùn kàn, òun ló jẹ́rìí, òun ló dájọ́, òun náà ló ń ka oṣù. Àwọn olóyè tó jókòó tì í ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan péré nínú wọn, Akínbọ́lá, tó dàgbà jù, ló béèrè bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iyán náà. Bámgbóyè ní aya òun wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí Àyọ̀kẹ́ wá jẹ́rìí ní ìjókòó tó ń bọ̀, akódà sì ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé.

Ọjọ́ méjì kí ìjókòó tó pé, Ọláoyè wá bá a nínú ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí o bá ní o gbọ́, uṣẹ́ mi bàjẹ́, ààlè sì wà lórí ugi síbẹ̀, kò ní gba ọkọ rẹ. Bí o bá ní o kò gbọ́, n ó ní ibínú ló dà á lọ́kàn rú, n ó dárí jì í. Ọjọ́ náà ni á sùn ní ulé." Ó fi sàréè ìyá wọn búra.

Àyọ̀kẹ́ gbà á gbọ́. Ta ni kì bá gbà á gbọ́? Ó rò pé irọ́ kékeré kan yóò mú àwọn méjèèjì bọ̀ wálé fún òun. Ó di Bíbélì mú níwájú kóòtù, ó ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan." Bámgbóyè yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan, kò sì wò ó mọ́.

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́," ni Ọláoyè wí. "Irọ́ ló pa mọ́ adájọ́. Oṣù mẹ́ta."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Àyọ̀kẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń retí pé ìdáríjì yóò tẹ̀ lé e, títí akódà fi ní kó máa lọ. Ikú ilé ló ń pani. Tòde kò mọ ojú ọ̀nà. Ó dùn ún dé egungun pé ọmọ ìyá òun ló fi ẹnu òun ti ọkọ òun mọ́lé.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń pa koríko lójú ọ̀nà Adó. Ojoojúmọ́ ni Àyọ̀kẹ́ ń gbé oúnjẹ lọ. Ọwọ́ akódà ni Bámgbóyè ti ń gbà á, kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé, ó dúró láàárín àwọn ẹlẹ́jọ́.

"Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ọ. Igbá omi wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Ọláoyè ní kí ọkọ mi so ààlè. Òun ló tún wá bẹ̀ mí kí n ní n kò gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ mi bá jẹ́ àfojúdi, tèmi náà ni. Ẹ tì mí mọ́bi tí ẹ tì í mọ́."

Akọ̀wé ti ki kálàmù bọ yíǹkì. Ọláoyè gbé ọwọ́ sókè.

"Má kọ ọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó ń ṣàánú. "Ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé. Àárò ọkọ rẹ̀ ló ń dà á láàmú."

Àyọ̀kẹ́ ní kí wọ́n ti òun mọ́lé. Ó pariwo rẹ̀. Kóòtù tó ń fi oṣù lé oṣù fún ọkọ rẹ̀ kò fún un ní ọjọ́ kan, torí pé bí wọ́n bá tì í mọ́lé, wọ́n ní láti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ajẹ́lẹ̀. Àwọn akódà fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kóòtù gbé igi mẹ́sàn-án fún Adébíyìí, wọ́n ní òpùrọ́ ni ẹnì kejì, ẹ̀rí aya rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tí ì rí ìwé kóòtù.

Bámgbóyè dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó jókòó síta. Àyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní o padà lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo padà lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́?"

"Wọn kò kọ ọ́."

Bámgbóyè mi orí, kò bínú. "Ó dáa," ló wí. "Èyí tí o kọ́kọ́ sọ ló wà nínú ùwé."