Marlys Gun Òkè Lórí Alùpùpù Yìnyín Tuntun

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Marlys Haugen fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé nílùú wa, lábẹ́ òkè Idaho ní Amẹ́ríkà níbí, kò sì já sí kòtò rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ra alùpùpù yìnyín tuntun, èyí tó ń sáré lórí yìnyín, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gígun òkè. Verlin, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, wò ó yípo.

"Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo fẹ́ gun èyí, àbí òun ló máa gùn ẹ́?"

"Tó bá di Sátidé, wàá rí i."

Àwa mẹ́ta, Marlys, Verlin àti èmi, la gòkè ní Sátidé náà. Yìnyín ti bọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kúnná bí èlùbọ́, ó sì mù wá dé ìbàdí. Inú igbó la gbà, a ò sún mọ́ ibi tí yìnyín ti lè ya látòkè lù wá.

Marlys ní ìjàkadì ni èyí tóun ń gùn tẹ́lẹ̀: kó tó yà sọ́tùn-ún, àfi kóun fi gbogbo ara fà á. Ti tuntun yìí, ibi tójú òun bá lọ ló ń lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó fún un níná, ó léfòó bíi pẹ́pẹ́yẹ lórí omi. Ó fara tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba àárín igi kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ.

Verlin ò fẹ́ gbẹ́yìn. Marlys ní kó má wọ àfonífojì kan tí odò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Nígbà tó fẹ́ jáde, ọkọ̀ rẹ̀ rì. Ó wa yìnyín kúrò lára rẹ̀, ó tún rì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sínú yìnyín, ó ń mí hẹlẹ.

"Ṣé kí n máa bọ̀?" Marlys béèrè látòkè.

"Máa bọ̀ jàre. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó wo àárín àwọn igi dáadáa. Kò dojú kọ òkè náà. Ó gbà á ní ìdábùú, ó sì yọ. Ó padà wá, ó tẹ ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin títí ó fi le.

"Gba ojú ipa mi," ó wí. "Òkè ni kó o máa wò. Má dín iná kù."

"Tí mo bá tún rì ńkọ́?"

"A ó tún wa yìnyín yọ ẹ́. Ó yá."

Verlin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣí akoto, oru ń yọ lórí rẹ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀. Ó wo alùpùpù Marlys títí.

"Jẹ́ kí n gùn ún díẹ̀."

"Rárá."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Lọ ra tìẹ."

Láyé ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo wa ni Marlys máa ń wà tá a bá gòkè. Lọ́jọ́ yẹn, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó kàn. Ó kọjú sí òkè, ó fún un níná, àwa méjèèjì sì tẹ̀ lé e.