Ọkọ Mi àti Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Agogo

Ọkọ mi, Níyì Abọ́dúnrìn, kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Owódé Onírin, níbi tó ti ń ra àlòkù irin àti idẹ, àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Òòfà kékeré kan kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀, òun ló fi ń dán ọjà wò: bí òòfà bá gbé e, irin ni, bí kò bá gbé e, idẹ nìyẹn. Bí mo bá ra ẹja ní Mile 12, á ṣí etí ẹja náà wò. Bí ẹnì kan bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, á bi mí pé kí ni onítọ̀hún ń wá. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fún wa. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú ni.

Felix ló ń tọ́jú ilé ìjọsìn, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ Ajé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá agogo sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó fẹ́ lu agogo, okùn nìkan ló bá níbẹ̀.

Ojú gbogbo wa lọ sára Felix. Mi ò ní purọ́, tèmi ló kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú, níbo ló ti rówó ra sálúbàtà tuntun? Ọkọ mi tiẹ̀ dìde dúró ní tirẹ̀.

“Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, agogo wà níbẹ̀. Ẹ bi Felix.”

“Ọ̀gá, mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn láti ìgbà tí mo ti dé, àfi láàárọ̀ yìí,” ni Felix wí. Daddy Jìmí, olórí àwọn àgbà ìjọ, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan: kó wá agogo jáde, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ọkọ mi láàárín idẹ tó ń ṣà fún oníbàárà tó ń bọ̀ wá kó o lọ́jọ́ kejì. Ó na àfọ́kù kan sí mi. Mo rí ohun tí wọ́n kọ sétí agogo wa láti ayé àwọn bàbá wa: Ẹ WÁ.

“Ta ló tà á fún yín?”

“Ọlọ́mọlanke kan ni, Thursday tó kọjá lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú àpò. Mo ti òòfà bọ àpò, kò gbé nǹkan kan, mo bá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mi ò wo inú ẹ̀ rárá.”

Ní Thursday yẹn, Felix ṣì wà ní Àgbádárìgì. Àpò ọkọ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé lálẹ́ Ọjọ́rú, bí òun ti ń kó ìwé orin pa mọ́ sí yàrá agogo, kọ́sítọ́mà kan pe òun lórí fóònù. Kò rántí pé òun tilẹ̀kùn. Alágádágodo mẹ́ta!

Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. “Daddy Tiwa, ẹ jẹ́ kí oníbàárà kó o lọ lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, agogo ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ta ló máa gbà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ jí i? Tó bá jẹ́ ẹlòmíì, ṣé ẹ̀yin fúnra yín máa gbà?”

“Mi ò ní gbà,” ló wí. Kò fẹnu kan oúnjẹ tí mo gbé wá.

Jónà ni ẹ̀kọ́ kíláàsì lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Mo rò pé ibi ẹja ni ọkọ mi máa sáré lọ nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi ló dúró sí.

“Gbogbo wa la mọ ibi tí Jónà ti sá,” ni ọkọ mi wí. “Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí kò ti sá. Ìjì ń jà, gègé ti mú un, ó ṣì lè jiyàn, torí àwọn tó wà lọ́kọ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun jù sómi, pé torí òun ni ìjì fi ń jà.” Ó fa àpò kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó da idẹ sílẹ̀. “Torí tèmi ni ìjì yìí. Felix kọ́.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Daddy Jìmí mú àfọ́kù kan nílẹ̀. “Níyì, ṣé o fẹ́ ká gbà pé olè jí agogo, ó wá tún gbé e wá tà fún ìwọ?”

“Mi ò ní ẹ̀rí kankan, sà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Felix ò sí nílùú.”

Felix kò kó kúrò mọ́. Ọkọ mi ni wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, igbá ọrẹ pàápàá kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó gbé ríìmù ọkọ̀ ńlá wá pé kí wọ́n fi rọ́pò agogo, ẹnì kan bi í níbi tó ti jí i. Wọ́n ń wo báàgì ọwọ́ mi bí mo ṣe wo sálúbàtà Felix. Ó dùn mí wọra, mi ò sì rẹ́ni bá jà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Felix fẹ́ padà sí Àgbádárìgì fún ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀. Daddy Jìmí na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. Felix rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wá bá ọkọ mi níbi tó jókòó sí lẹ́yìn pátápátá.

“Ọ̀gá, Friday ni mo máa dé.”

Ọkọ mi kò na ọwọ́. “Felix, ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, sà,” ni Felix wí. “Ẹ gbà á.”

Ọkọ mi gbà á, ó sì fi í sínú àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà rẹ̀.