Àdìrẹ Tó Bo Kọ̀ǹpútà

Títí dòní, bí ẹ̀rọ kan bá kú lójijì, ohùn àǹtí mi ni mo máa ń gbọ́: "Kí ló ń ṣe kó tó dákẹ́?" Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, wọ́n sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alékúwodò, nígbà tó ṣì ṣọ̀wọ́n l'Óṣogbo. Wọn kì í tú ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà àgbà kan pè wá sílé wọn l'Ókè-Baálẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí bàbá yìí fi ń kọ ìtàn ìyàwó wọn tó ti kú ṣàdédé dákẹ́.

"Iná ò kúkú lọ, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Àbí gbogbo ẹ̀ ti nù?"

Àǹtí mi gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná janjan. Àdìrẹ tí bàbá fi bò ó nítorí eruku ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

"Aṣọ ìyàwó mi ni."

Àǹtí mi rọra ṣí i kúrò. Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, wọ́n tàn án, gbogbo ìtàn náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wá da àdìrẹ náà bo èjìká bàbá.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fi í bora, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa mí."