Ẹ̀dà Kẹta Lẹ́ǹsì Mi

Mo rántí ìgbà tí mo fi odidi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ya fótò ògiri. Ògiri náà kò lẹ́wà o. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò rẹ́ ni, lẹ́yìn sítúdíò mi n'Ìkìrun, ibi tí ewúrẹ́ ti máa ń fara yún un. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì mẹ́ta ló wà níwájú mi, ẹ̀dà kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta irú lẹ́ǹsì kan náà, èyí tí ẹnu rẹ̀ máa ń là gbàgà, tó ń mu ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Èmi àti ọ̀gá kan tó ń ya fótò n'Ìnísà la jọ ń dán wọn wò. Ìkejì jẹ́ tiwọn, àwọn méjì tó kù jẹ́ tèmi.

A gbé fótò ògiri sórí kọ̀ǹpútà, a fẹ̀ ẹ́, a tún fẹ̀ ẹ́. Mo ní igun fótò ẹ̀dà kìn-ín-ní rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná, ti ìkejì sàn díẹ̀, ti ìkẹta ló mú bí abẹ. Ọ̀gá ará Ìnísà tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Mo rí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń dúró sí igun?" Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Ìyàwó mi tó ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bẹ̀ yín ní fótò ògiri?" Mo ní kò lè yé e. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ní kí ọ̀gá máa mú ẹ̀dà kìn-ín-ní lọ, bí ẹni ń da àkísà nù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi tí mo láṣọ, kí ni mo fẹ́ fi àkísà ṣe?

Kò pẹ́ sí i, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì l'Òkukù ránṣẹ́ pè mí. Àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn ti pé, àwọn àti ìyàwó wọn kò sì tíì ya fótò pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Mo ní kí Màmá jókòó, kí Bàbá dúró lẹ́yìn wọn. Oòrùn pọ̀ nínú àgbàlá, ǹ bá ti pa ẹnu lẹ́ǹsì dé díẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè hàn, torí bó bá là gbàgà, ẹni iwájú nìkan ló ń mọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń ra lẹ́ǹsì ẹlẹ́nu gbàgà kó tún wá pa á lẹ́nu dé? Mo là á tán porogodo.

Nígbà tí mo gbé férémù dé, Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, ta ni ọkùnrin tó dúró ti ìyàwó mi yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Kí ló wá dé tí mo rí bí èéfín?"

Mo ṣàlàyé pé bókẹ̀ ni wọ́n ń pè é, pé èéfín yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀, pé kí wọ́n wo irun ìpéǹpéjú Màmá, wọ́n lè kà á níkọ̀ọ̀kan.

Màmá ní, "Ta ló fẹ́ ka irun ìpéǹpéjú mi? Ọkọ mi ni mo ní kó o bá mi yà."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un yà. Wọ́n ní ó tì, àwọn ti pe ẹnìkan n'Ìnísà. Àfi bí ọ̀gá ará Ìnísà ṣe wọlé, ẹ̀dà kìn-ín-ní lórí kámẹ́rà wọn. Wọ́n gbé àga méjì sún mọ́ra, wọ́n pa ẹnu lẹ́ǹsì dé, wọ́n ní kí n bá àwọn di agboòrùn mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó parí. Mo yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ojú Bàbá mọ́ kedere, ti Màmá náà mọ́ kedere.

Bàbá kò rí ọdún kejì. Ẹ̀dà kẹrin lẹ́ǹsì náà ti jáde báyìí, n kò sì ní parọ́, mo ti lọ dì í mú wò lẹ́ẹ̀mejì. Lóṣù tó kọjá, mo yà kí Màmá. Wọ́n ń fi etí ìró nu gíláàsì fótò tí ọ̀gá yà. Wọ́n ní, "Wo bí ọkọ mi ṣe di ọwọ́ mi mú." Mo wò ó. N kò kíyè sí ọwọ́ yẹn rí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo na agboòrùn lé wọn lórí.