Ṣé Odò Wà Láàrin Wọn?

Ọmọ ọmọ mi ń wá yunifásítì ní Kánádà. Ó ní owó fọ́ọ̀mù nìkan tó ra táyà ọ̀kadà méjì! Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa ní Igbó-Ọrà, lẹ́yìn òmìnira, sítáǹbù tí a fi ń kọ̀wé sí àwọn iléèwé òkè òkun kò ju owó àkàrà àárọ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe mú tèmi.

Iléèwé méjì ló gbà mí, ìjọba ló sì fẹ́ sanwó. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà lókè lọ́hùn-ún ní Sikọ́tílándì. Ti Sikọ́tílándì ni ọkàn mi fẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọ̀gbìn dáadáa.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ní òun kì í rán ọmọ lọ sí ìlú tí kò ti ní ẹni tí yóò máa yọjú sí i. Ẹnì kan ṣoṣo la sì mọ̀ nílùú òyìnbó: Bùọ̀dá Làmídì, ọmọ Ayete, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù náà ni n ó lọ, kí n lọ kọ́ ohun tí mi ò fẹ́?

Mo sọ òótọ́ fún bàbá pé ọ̀nà jìn gan-an láàrin ìlú méjèèjì.

“Ṣé odò wà láàrin wọn?”

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bí odò ọ̀nà Ayete bá ti kún, ẹ̀gbọ́n ẹni ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni. Odò ló ń yani, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Mo ní ilẹ̀ kan náà ni, pé rélùwéè ń lọ síbẹ̀.

“Ó tán. Làmídì á máa rìn wá bá ọ.” Bí ẹni ń lọ sóko!

Bí mo ṣe dé Sikọ́tílándì nìyẹn. Òtútù àkọ́kọ́ dá mi dùbúlẹ̀. Mo ń rò ó pé àbí mo ti ṣi ibẹ̀ yàn, ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí mi ò rí rí ni, ó gbé àpò gàrí dání, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ìwọ ni Ràímì? Làmídì nìyí. Bàbá ẹ ránṣẹ́ pé kí n yọjú sí ẹ, pé kò sódò láàrin wa.” Ó jókòó, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sọ́wọ́. “Àbúrò, odò tí mo rí láti ojú fèrèsé rélùwéè, mi ò lè kà á tán. Má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o!”

Lọ́dọọdún ló ń wá, títí mo fi ṣe tán.

Bí ọmọ yín bá ń yan iléèwé lókè òkun, ẹ wo orúkọ rẹ̀, ẹ wo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kan ilẹ̀kùn tiyín? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́.

Bàbá mi ti lọ sinmi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ kọ̀wé sí iléèwé òkè òkun nígbà náà, àwọn náà ti dolóògbé. Bùọ̀dá Làmídì ṣì wà láàyè, wọ́n ti padà sí Ayete, ojú wọn ti di bàìbàì. Afárá ti wà lórí odò ọ̀nà Ayete báyìí. Èmi ni mo ń lọ yọjú sí wọn.