Orí Mi Di Pátákó Ìkọ̀wé

Iṣẹ́ orí ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gẹ irun fáwọn èèyàn, mo sì ti gbà pé kò sí àrà tí mi ò lè fi orí dá. Ìgbéraga yẹn ló kó bá mi, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ ṣàánú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi. Aláròyé là ń pè é, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìsinmi, ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ó ní ọmọ wa lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kò dá lẹ́tà kan ṣoṣo mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìwọlé, òun á dán an wò. Tí kò bá mọ lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́, á padà sí kíláàsì àwọn tó ṣì ń mu wàrà nínú ìgò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kángun sí tiwa á sì bọ́ síwájú. Nígbà tí Aláròyé gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya òun àti ọ̀rẹ́ òun, odidi ọjọ́ kan ni kò fi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá rẹ̀ ní ká gba olùkọ́ tí á máa wá sílé.

Mo ní, "Olùkọ́ wo? Èmi ńkọ́? Fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó."

Ìyàwó mi wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Bàbá Aláròyé, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ o."

Mo kọ́kọ́ to kóró ẹ̀wà sórí tábìlì, mo fi ṣe A. Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbá A náà sínú ìkòkò, ó sè é. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tó ti hó dáadáa kọ B gàdàgbà sára dígí. Aláròyé gbá B kúrò lára dígí, ó fi ṣe irùngbọ̀n fún ara rẹ̀, ó ní òun ni Bàbá. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú mẹ́ta.

Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n ńlá kan sọ sí mi lọ́kàn. A kì í di irun Aláròyé, a máa ń gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Mo gbé e sórí àga, mo gbẹ́ A sí ìpàkọ́ rẹ̀, B sápá ọ̀tún, D sápá òsì. Wọ́n rí rèǹtèrente. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ọmọdé àdúgbò ti mọ A, B, D, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké e. Kódà ìyá arúgbó ilé kejì tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí mọ D. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan ni ẹni tó ni orí. Bí mo bá bi í pé èwo ló wà níbí, á yí ojú sókè bí ẹni ń ka páànù òrùlé, á ní, "Bàbá, mi ò rí i."

Ọjọ́ márùn-ún ló gbà mí kí n tó ronú pé báwo ló ṣe máa rí i! Bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni wọ́n ti ń pa á lówe fún mi pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Mo gbé dígí kan síwájú rẹ̀, mo di òmíràn mú lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ ahọ́n sí ara rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí orí yín, kí èmi máa wò ó."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò ní fi abẹ kan orí mi, torí inú tó ń bí òun sí mi lórí irun ọmọ òun kò tíì rọ̀. Ó wá ku onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Agẹ̀mádọ́gba, gbogbo àdúgbò sì ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀sán gangan ni mo sọdá lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

"Ọ̀gá mi, kí ni ká gẹ̀?"

"A, B, D, E, Ẹ."

"Ṣé kó dọ́gba?"

Mo gbé e mì.

Àtọjọ́ náà ni Aláròyé ti ń gun ọrùn mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Orí mi wà lábẹ́ imú rẹ̀ báyìí, á máa fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, á máa pè é. Nígbà tó yá, a rẹ irun ìyókù wálẹ̀, a gbẹ́ F, G, Gb, H, I. Gb nìkan gba ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí n tó gẹ Ẹ kúrò, oníbàárà mi kan ti tẹjú mọ́ àmì róbótó tó wà nídìí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe làpálàpá lèyí?" Mo ní lẹ́tà ni. Ó ní òun gbọ́, ó sì sọdá sọ́dọ̀ Agẹ̀mádọ́gba.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Ọ̀gá ilé ìwé gbé káàdì àkọ́kọ́ sókè, ó ní, "Kí lèyí?" Aláròyé dákẹ́. Mo rọra tẹ orí mi síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀gá wí, "ẹ gbé orí yín jáde fún wa."

Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rí i tí ọmọ mi na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, tó ń fi ìka tọ káàdì náà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń tọ orí mi. "A!" Ọ̀gá gbé òmíràn, ọwọ́ tún lọ sókè. Nígbà tó kan Ẹ, ó kọ ọ́ tán nínú afẹ́fẹ́, ó fi ìka tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ó mọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo sunkún níbi fèrèsé débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wá bi mí bóyá wọ́n lé ọmọ mi ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó lè gùn mí. Ó wo ọrùn mi, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é níta. Ó wá sọ ọ́ sí mi létí, kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́.

"Bàbá, àwọn ọmọ kíláàsì wa kì í gun ọrùn."

Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń lọ, ẹnu Aláròyé ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fi orí mi wá fún un náà nìyẹn, kó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.