Ètò Orí Fóònù Tí Mo Kọ fún Ìyá Mi

Ọwọ́ òsì ìyá mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí èmi náà ṣe.

Nígbà tó fi ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Rood Woko sílẹ̀, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Cissin, oríṣi oògùn mẹ́ta ló ń lò lójúmọ́, ó sì máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní bureau, ọ́fíìsì kan, ní àdúgbò Koulouba. Mo jókòó lọ́sàn-án Sátidé kan, mo kọ ètò kékeré kan sórí fóònù rẹ̀. Tí àkókò bá tó, fóònù á dún, ohùn mi á sì jáde: "Màámi, ẹ lo oògùn yín." Bọ́tìnnì pupa ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Tó bá ti lò ó tán, á tẹ bọ́tìnnì náà, ó parí. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń dá fóònù náà lóhùn: "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Barka, o ṣeun."

Ó fi han àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó pásítọ̀ dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Bá àwa náà ṣe é o."

Mo ṣe é. Orí mi wú. Àwọn kan fẹ́ Faransé, àwọn kan fẹ́ Mooré, èdè àwọn Mossi. Ẹnì kan ní kí ó máa rán òun létí ọjọ́ tí òun máa rí dókítà. Òmíràn fẹ́ kí ọmọ òun ní Cotonou máa rí i bóyá òun ti lo oògùn. N kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èrò pọ̀, kálukú ní láti ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀.

Ẹnì kan tí a jọ wà ní bureau wò ó. "C'est trop," ó ní. "Ó ti pọ̀ jù. Kí ló dé tí o ò fi ti màmá sílẹ̀ bó ṣe wà?"

"Ètò kan ló rọrùn láti tọ́jú ju méjì lọ."

"D'accord, ó dáa," ó sì yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń jowú mi ni.

Mo gbé ètò tuntun náà sórí fóònù ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń kánjú gun alùpùpù mi lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi hàn án.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi."

Kò yé e. Ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ń jáde báyìí, nọ́ńbà ló sì ń béèrè. Ìyá mi kò sọ fún mi. Tó bá ti dún, á kàn pa á. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni mo ń lọ, tí mò ń kọ́ ìyá àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, níbi tó ti ń wọ bàtà. Nígbà tí mo dé láti ọsibítù, mo ṣí àpótí oògùn rẹ̀. Ó kún.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo bi í: "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ. Mo rò pé èyí tó o ṣe fún mi, o ti gbé e fún wọn nìyẹn."

Mo dá ti àtijọ́ padà sórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun. Ìyá Mossi tó wà ní ilé kejì ló ń wá fún un lóògùn báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó pásítọ̀ ní kí n fi wákàtí àdúrà kún ètò náà. Mo ní n kò ní fi nǹkan kan kún un mọ́. Ó bínú, kò sì kí mi mọ́ láti ìgbà náà.